Agbè Kò Fọ́, Ṣùgbọ́n Ó Sán

Ìyá kan ń gbé ilé wa n'Ìbàdàn nígbà tí mo wà ní kékeré. Ayálégbé ni, yàrá rẹ̀ ló kángun sí ẹ̀yìnkùlé. Ìyá Aláṣọ là ń pè é, nítorí pé aṣọ ló ń tà nítòsí odò Ògùnpa kí omi tó kó gbogbo ọjà rẹ̀ lọ lọ́dún 1980. Bí ojú ọ̀run bá ti ṣú, kí ẹ̀kán òjò kan tó kán sílẹ̀, ìyá yìí á ti dìde. Á di ẹrù kékeré kan, á wọ bàtà, á gbé àpótí sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, á gbé ẹrù lé itan, á kọjú sí títì. Bí òjò bá fi gbogbo òru rọ̀, gbogbo òru lòun náà á fi jókòó. Tí ilẹ̀ bá mọ́, á tú ẹrù palẹ̀, á gbálẹ̀, á gba ẹnu iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Àwa ọmọdé a máa sín in jẹ. Àwọn àgbà a máa mi orí.

Orí òkè ni ilé wa wà. Kò sí odò tó lè kún dé ibẹ̀, ìyá náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ dáadáa. Mímọ̀ tó mọ̀ ọ́n kò ní kó má di ẹrù.

Ohun tí gbogbo aládùúgbò ń sọ fún un ni pé, "Ìyá, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Omi ló dànù, agbè ò fọ́." Òun náà á ní, "Mo dúpẹ́." Ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀. Òwe yẹn kò burú. Òun là fi ń tu ẹni tó pàdánù ọmọ tàbí ọrọ̀ nínú, pé níwọ̀n ìgbà tí ẹ̀mí ṣì wà, ìrètí ò pin. Àmọ́ mo ti dàgbà kí n tó rí ohun tí òwe náà fi sílẹ̀ láìsọ: agbè lè má fọ́, kó sì sán. Agbè tó sán kì í hàn níbi tí wọ́n gbé e kọ́ sí. Ìgbà tí a bá bu omi sí i ni ojú ibi tó ti sán ń hàn. Òjò ni omi tí wọ́n ń bu sínú agbè Ìyá Aláṣọ.

Ohun tí a kà, ohun tí a kò kà

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, ni òjò kan rọ̀ n'Ìbàdàn fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Ògùnpa kì í ṣe odò ńlá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Àárín ìgboro ló ń gbà kọjá, láti apá Àgodi wá sí Gbági àti Dùgbẹ̀ títí lọ sí ọ̀nà Mọ́lété. Ilé ti gba bèbè rẹ̀, pàǹtírí ti dí ojú rẹ̀, omi kò sì rí ọ̀nà gbà. Ló bá ya wọlé, ó ya wọ ọjà, ó gbé ọkọ̀, ó gbé ènìyàn. Àwọn tó kú lé ní 200. Ọgbà ìgbafẹ́ Àgodi bàjẹ́ pátápátá. Omíyalé ni àwọn ará Ìbàdàn ń pè é títí dòní.

Nígbà tó di ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, ó tún ṣẹlẹ̀. Jímọ̀ọ́ tó kẹ́yìn nínú oṣù Ramadan ni. Ìrọ̀lẹ́ ni òjò náà bẹ̀rẹ̀, nígbà tí àwọn Mùsùlùmí ń múra àtiṣínu, ó sì rọ̀ wọ òru. Odò Ọ̀nà, Ògùnpa àti àwọn odò yòókù kún lẹ́ẹ̀kan náà. Afárá Àpẹ̀tẹ̀ já, ẹni tó wà lọ́hùn-ún kò lè padà sílé. Omi kó ẹja inú àwọn adágún Yunifásítì Ìbàdàn lọ. Ó lé ní 100 ènìyàn tó kú. Ọjọ́ mẹ́rin péré lẹ́yìn rẹ̀ ni ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀, ọ̀pọ̀ ilé sì ni kò sí ẹni tó lè ṣọdún.

Lẹ́yìn ìjàǹbá méjèèjì, wọ́n ka òkú, wọ́n ka ilé, wọ́n ka afárá. Ìjọba da kọnkéré sí ojú odò, wọ́n wó ilé tó wà létí omi. Ó yẹ bẹ́ẹ̀. Ìpayà nìkan ni kò sí ẹni tó kà, bóyá torí pé kì í léfòó sójú omi. Lọ́dún 2022, nígbà tí omi bo ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ní Nàìjíríà, a gbọ́ pé ó lé ní 600 ènìyàn tó kú, àwọn tí omi lé kúrò nílé sì ju mílíọ̀nù kan lọ. Nínú gbogbo ìròyìn yẹn, ta ló sọ fún wa iye àwọn tí kò lè sùn mọ́?

Ohun kan wà tó máa ń yà mí lẹ́nu. Ọdún 1980 yẹn gan-an, tí Ògùnpa gbé Ìbàdàn, ni ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn ọpọlọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà fi orúkọ sí ohun tó ń ṣe irú Ìyá Aláṣọ, nínú ẹ̀dà kẹta ìwé tí wọ́n fi ń dá àìsàn ọpọlọ mọ̀. Wọ́n sọ ọ́ ní post-traumatic stress disorder, PTSD ní ìgékúrú. Àwọn ọmọ ogun tó ti Vietnam dé ló pọ̀ jù nínú àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn mú kí wọ́n wá orúkọ sí i, ṣùgbọ́n wọn kò fi mọ sójú ogun. Ẹni tí omi gbé tàbí tí ilẹ̀ ríri wó ilé lé lórí wà níbẹ̀ pẹ̀lú ẹni tí wọ́n fipá bá lò. Àìsàn náà ti ní orúkọ, àmọ́ ẹnikẹ́ni kò mú orúkọ náà dé agboolé wa.

Ọdẹ tí kò relé

Àwọn baba wa mọ̀ ọ́n tipẹ́. Wọ́n ní ẹni ejò bá bù ṣán, bó rí ekòló, á sá. Ohun tí àwọn onímọ̀ ọpọlọ fi kún un ni ìdí tó fi ń sá.

Apá kékeré kan wà nínú ọpọlọ tí wọ́n ń pè ní amygdala. Iṣẹ́ ọdẹ adúgbò ló ń ṣe. Bó bá fura sí ewu, á fọn fèrè, láìdúró wádìí. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ara á tú èròjà tó ń jẹ́ adrenaline sínú ẹ̀jẹ̀, àyà á máa lù kìkì, èémí á yá, ẹ̀jẹ̀ á sáré lọ sí apá àti ẹsẹ̀, ebi àti oorun á fò lọ. Ẹni tí kò lè sáré tẹ́lẹ̀ á sáré, ẹni tí kò lè gun ògiri á gùn ún. Ọdẹ yìí ló gba ẹ̀mí ọ̀pọ̀ ènìyàn là lọ́jọ́ Omíyalé. Bí ewu bá kọjá, ó yẹ kí ọdẹ gbé ìbọn kọ́, kó relé lọ sùn.

Ní ara àwọn mìíràn, ọdẹ kì í relé. Ewúrẹ́ ló kọjá, á fọn fèrè. Ilẹ̀kùn ló ró gbàgà, á fọn fèrè. Apá ọpọlọ mìíràn, hippocampus, ló máa ń bá wa kọ déètì àti àdúgbò sára ohun tí a rántí, kí a lè mọ̀ pé àná ni, kì í ṣe òní. Nígbà tí ìpayà bá pọ̀ jù, iṣẹ́ yìí kì í lọ dáadáa. Ìdí nìyí tí òjò òní fi jọ òjò 1980 lójú ara, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọkàn mọ̀ pé kì í ṣe òun.

Ọ̀nà mẹ́rin ni àwọn oníṣègùn fi ń dá a mọ̀. Ìṣẹ̀lẹ̀ náà ń padà wá fúnra rẹ̀, lójú àlá tàbí lójú ayé, nígbà mìíràn nínú òórùn ẹrẹ̀ lásán. Ẹni náà ń yẹra fún gbogbo ohun tó lè rán an létí, débi pé á rọ́nà gba òkèèrè kó má baà gun afárá. Ìfẹ́ inú ayé kú lọ́kàn rẹ̀, ó ń dá ara rẹ̀ lẹ́bi pé, "Ká ní mo di ọwọ́ rẹ̀ mú dáadáa ni." Ara rẹ̀ sì wà lójúfò nígbà gbogbo: kò rí oorun sùn, nǹkan kékeré ń já a láyà, inú ń tètè bí i. Bí èyí bá kọjá oṣù kan, tí kò jẹ́ kó lè ṣiṣẹ́ tàbí kó bá ará ilé gbé bó ṣe yẹ, ó ti kúrò ní ohun tí a lè sọ pé yóò lọ fúnra rẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má bẹ̀rù bó bá rí gbogbo ìwọ̀nyí lára èèyàn rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Kò sí ẹni tí omi gbé tí àyà rẹ̀ kò ní já. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó là á já ni ara wọn ń balẹ̀ díẹ̀díẹ̀, pàápàá bí wọ́n bá rí ibi sùn, tí wọ́n rí oúnjẹ, tí àwọn èèyàn wọn sì wà nítòsí.

Nílẹ̀ wa, kò sí ẹni tí yóò wá sọ pé òun ní PTSD. Ohun tí a máa gbọ́ ni, "Orí mi ń gbóná," "Nǹkan ń rìn lára mi," "Àyà mi ń já," "Oorun ò kun ojú mi." Wọ́n á lọ ra oògùn ibà ní kẹ́míìsì. Wọ́n á lo ti òní, wọ́n á lo ti ọ̀la. Àwọn ọkùnrin mìíràn á gba ilé ọtí lọ torí pé ọtí ń mú èèyàn sùn, wọn ò sì mọ̀ pé oorun yẹn kì í jinlẹ̀, àti pé ìpayà tó sá fún ọtí lálẹ́ yóò ti jókòó dè wọ́n láàárọ̀. Ọmọdé kì í sọ ọ́ rárá. Ọmọ tó ti jáwọ́ nínú títọ̀ sílé á tún bẹ̀rẹ̀, á rọ̀ mọ́ ìró ìyá rẹ̀, kò ní fẹ́ lọ síléèwé mọ́, tàbí kó máa fi abọ́ àti bébà ṣeré omíyalé kan náà lójoojúmọ́. Bí òbí bá nà án, ìpayà rẹ̀ á di méjì.

Omi gbẹ, ìdààmú ò gbẹ

Àṣìṣe tí a máa ń ṣe ni pé a rò pé àjálù parí lọ́jọ́ tí omi fà. Fún ọ̀pọ̀ èèyàn, ọjọ́ yẹn ló bẹ̀rẹ̀. Ìyá tó yá owó ra ọjà, omi gbé ọjà, gbèsè kò bómi lọ. Ẹni tí ògiri ilé rẹ̀ kù díẹ̀ rí àmì pupa lára rẹ̀ pé wọ́n ń bọ̀ wá wó o. Ìwé ẹ̀rí, ìwé ilẹ̀, àwòrán ìgbéyàwó, gbogbo rẹ̀ di ẹrẹ̀. Ìdílé tó sùn sí kíláàsì iléèwé, tàbí tó há mọ́ yàrá mọ̀lẹ́bí, á máa gbọ́ ọ̀rọ̀ tó dun ni kí oṣù tó parí. Àwọn tó ń ṣèwádìí nípa àjálù kárí ayé ti rí i pé irú wàhálà ojoojúmọ́ báyìí lè ba ọkàn jẹ́ bí ọjọ́ àjálù fúnra rẹ̀.

Èyí tó wúwo jù ni ti ẹni tí a kò rí òkú rẹ̀. Yorùbá kò fi ọwọ́ kékeré mú ìsìnkú. A ń wẹ òkú, a ń tẹ́ ẹ, a ń mọ ojú oórì, a ń mọ ibi tí a ó dúró sí láti dárúkọ rẹ̀. Ẹni tí omi gbé ọmọ rẹ̀ lọ tí kò rí i mọ́, níbo ni yóò dúró sí? Kò lè sọ pé ó kú, kò lè sọ pé ó wà. Ọkàn rẹ̀ á máa lọ á máa bọ̀ létí odò. Ká wá sọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ pé "Ẹ gbàgbé," kì í ṣe ìtùnú.

Ẹ̀kọ́ láti Buffalo Creek

Ọjọ́ 26 oṣù kejì ọdún 1972, ní ìpínlẹ̀ West Virginia ní Amẹ́ríkà, ìdídò kan tí iléeṣẹ́ awakùsà fi pàǹtírí èédú mọ já lẹ́yìn òjò. Omi dúdú ya lu àwọn abúlé tó tò sí àfonífojì Buffalo Creek láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta. Èèyàn 125 kú, ẹgbẹẹgbẹ̀rún di aláìnílé. Ọwọ́ ènìyàn ló mọ ìdídò náà, bí ọwọ́ ènìyàn ṣe dí ojú Ògùnpa, ṣùgbọ́n òjò ló fi hàn.

Onímọ̀ nípa àwùjọ kan, Kai Erikson, lọ jókòó tì wọ́n, ó sì kọ ìwé lé e lórí lọ́dún 1976: *Everything in Its Path*. Ó rí àwọn tó jẹ́ pé bí òjò bá ti ṣú, wọn kò ní sùn, wọ́n á máa ṣọ́ odò. Nígbà tí mo kà á, Ìyá Aláṣọ ni mo rí. Òkun ńlá ló wà láàárín àwọn èèyàn yẹn àti ìyá yìí, wọn kò gbọ́ èdè ara wọn, àpótí kan náà ni wọ́n jọ jókòó lé.

Ohun tí Erikson tẹnu mọ́ jù ni pé ọgbẹ́ ọ̀hún jẹ́ méjì. Ọ̀kan wà lọ́kàn olúkúlùkù. Èkejì wà lára àdúgbò. Nígbà tí ìjọba ń pín ilé alágbèéká fún wọn, ibi tí àyè bá ti ṣí sílẹ̀ ni wọ́n fi wọ́n sí, wọn ò wo ẹni tó ń bá ta ní gbé. Aládùúgbò ogún ọdún pín yà. Ẹni tí wọ́n ń kí láàárọ̀ tẹ́lẹ̀ jí sí àárín àwọn tí kò mọ̀. Ìwòsàn tó wà nínú "Ẹ kúu jíjí" bómi lọ pẹ̀lú ilé. Nígbà tí àwọn oníṣègùn yẹ àwọn kan nínú wọn wò lọ́dún 1974, 44 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní PTSD. Lọ́dún 1986 ó ti wálẹ̀ sí 28. Ìrètí wà nínú ìyẹn, torí pé ọ̀pọ̀ ló bọ́. Àròkàn sì wà nínú rẹ̀, torí pé ọdún mẹ́rìnlá ti kọjá.

Ohun tí Abẹ́òkúta ti mọ̀

Kò yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí ṣàjèjì sí wa. Lọ́dún 1954 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adéoyè Lámbò, ọmọ Abẹ́òkúta, bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní ilé ìwòsàn Àrò ní Abẹ́òkúta, tí gbogbo ayé wá fi ṣàwòkọ́ṣe. Kàkà kó kó àwọn aláìsàn ọpọlọ pamọ́ sẹ́yìn ògiri, ó bá àwọn ará abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká sọ̀rọ̀ pé kí wọ́n gbà wọ́n sílé. Mọ̀lẹ́bí kan á bá aláìsàn wá, á máa dáná fún un. Láàárọ̀, aláìsàn á lọ gba ìtọ́jú; lẹ́yìn náà á padà sí abúlé, níbi tí wọ́n ti ń lọ oko, tí wọ́n ń ṣeré, tí wọ́n ń ṣòwò. Lámbò kò sì kó àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ dànù. Ó di igbákejì ọ̀gá àgbà Àjọ Ìlera Àgbáyé lẹ́yìn náà. Ohun tó rí ni pé àwùjọ fúnra rẹ̀ jẹ́ oògùn.

Ó dùn mí pé ní ilẹ̀ tó bí irú ọgbọ́n yìí, ìtọ́jú tó ń dé ọ̀dọ̀ aláìsàn kò tó nǹkan. Ìwádìí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyè Gureje ti Ìbàdàn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde lọ́dún 2006 fi hàn pé nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn tí àìsàn ọpọlọ tó le ń bá jà, nǹkan bí mẹ́jọ péré ló rí ìtọ́jú kankan láàárín ọdún kan. Ìtìjú wà lára ohun tó fà á. Bí o bá ní o fẹ́ lọ rí dókítà ọpọlọ, wọ́n á ní o ti ya wèrè. Òfin wa pàápàá ń sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀: òfin wèrè ọdún 1958, Lunacy Act, ni Nàìjíríà ń lò títí di oṣù kìíní ọdún 2023, nígbà tí Ààrẹ fọwọ́ sí òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ. Òfin ti yí padà. Ẹnu wa ló kù.

Ẹ má dí i lẹ́nu, ẹ má sì là á fún un

Kí wá ni ká ṣe? Àjọ Ìlera Àgbáyé àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ gbé ìwé atọ́nà kan jáde lọ́dún 2011 fún ẹnikẹ́ni tó bá dé ibi àjálù, kì báà jẹ́ dókítà, kì báà jẹ́ aládùúgbò. Ohun mẹ́ta ló dá lé: wò, gbọ́, so pọ̀. Wo ibi tó léwu, wo ẹni tí ìdààmú rẹ̀ pọ̀ jù. Gbọ́ ohun tí ẹni náà ń wá. So ó pọ̀ mọ́ àwọn èèyàn rẹ̀, mọ́ oúnjẹ, mọ́ ibùsùn, mọ́ ìròyìn tó dájú.

Gbígbọ́ ló le jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Síbẹ̀, fífi tipátipá mú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ kó sọ gbogbo ohun tó rí kò dára. Nígbà kan, àwọn oníṣègùn rò pé kí wọ́n kó àwọn tó là á já jọ kíákíá, kí wọ́n ní kí wọ́n tú gbogbo rẹ̀ sọ lẹ́ẹ̀kan. Ìwádìí fi hàn pé kò ṣiṣẹ́, ó tilẹ̀ lè pa àwọn mìíràn lára. Jókòó tì í. Bó bá sọ̀rọ̀, gbọ́. Bí kò bá sọ, wà níbẹ̀. Má sọ fún un pé ti ẹlòmíràn burú ju tirẹ̀ lọ. Ọpẹ́ dára, ṣùgbọ́n jẹ́ kó ti ẹnu òun fúnra rẹ̀ jáde. Bí a bá fi ọpẹ́ tì í lẹ́nu, ó ti di ìdérí ìkòkò.

Bí oṣù bá ń gorí oṣù tí ọdẹ kò tíì relé, ìtọ́jú wà. Akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ á mú ẹni náà padà lọ bá ìrántí rẹ̀ ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, níbi tí ọkàn rẹ̀ ti balẹ̀. Ká ní Ìyá Aláṣọ ló rí irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀, ó ṣeé ṣe kí wọ́n kọ́kọ́ ní kó gbọ́ ìró òjò nínú rédíò ní ọ̀sán gangan, lẹ́yìn náà kó dúró lójú fèrèsé nígbà tí òjò winniwinni bá ń rọ̀, lẹ́yìn náà kí ó bá wọn rìn dé orí afárá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, títí ara yóò fi kọ́ pé òjò kọ́ ló pa èèyàn lọ́jọ́ yẹn, àkúnya ni. Oògùn wà tó ń ran àwọn mìíràn lọ́wọ́, láti ọwọ́ dókítà. Kí ẹnikẹ́ni má fúnra rẹ̀ ra oògùn oorun.

Àwọn baba wa ní igbá tó fọ́ ní ń gba kàsẹ́ létí. Wọn kì í sọ igbá nù torí pé ó sán. Wọ́n á wá abẹ́rẹ́ àti okùn, wọ́n á sì fara balẹ̀ rán an.

Òru ọjọ́ kan, òjò ń rọ̀, wọ́n ti mú iná lọ. Ìyá mi dìde, ó gbé àpótí tiwa, ó lọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìyá Aláṣọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kò sọ̀rọ̀. Mo ń wò wọ́n láti ẹnu ilẹ̀kùn. Ó pẹ́ kí n tó gbọ́ ohùn Ìyá Aláṣọ, jẹ́jẹ́, tó ń sọ nípa ọmọbìnrin kan tó máa ń bá a pàtẹ, bó ṣe di ìdí aṣọ mú lójú omi, àti bí aṣọ náà ṣe tú. Mi ò gbọ́ ọ rí, bẹ́ẹ̀ la ti jọ ń gbélé láti ọdún púpọ̀. Ó sọ ọ́ títí òjò fi dá. Ìyá mi kò dá sí i, àfi "Hẹn-ẹn" àti "Ẹ pẹ̀lẹ́, mà."

Nígbà tí òjò mìíràn ṣú, Ìyá Aláṣọ tún di ẹrù rẹ̀, ó tún wọ bàtà. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, àpótí méjì ló gbé síta.